Ta ló lè sọ pé rárá? Ìfiwéra àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní ìlú Íńdíà fún ẹni tó fẹ́ ṣètìlẹ́yìn

Ọdún kejì tí mo lò ní Pune, ìlú ńlá kan ní Íńdíà, ni obìnrin kan kọ ìdọ̀tí mi. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. "Tai" la máa ń pè é, ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn ní èdè Marathi. Láràárọ̀ ló máa ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ wọ àdúgbò wa, garawa méjì lórí rẹ̀: ọ̀kan fún "ola kachra", ìdọ̀tí tútù, ọ̀kan fún "suka kachra", ìdọ̀tí gbígbẹ. Lọ́jọ́ yẹn mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kan: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ike, bébà, àti páàdì nǹkan oṣù tí mi ò wé. Ó tú u, ó wò ó, ó dì í padà, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó wá nawọ́ sí ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣe bí ẹni ń wé nǹkan, ó fi ìka ya òbíríkítí kékeré sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó ń wí ni pé kí n máa fi bébà wé páàdì, kí n fi báírò pupa sàmì sí i, kí òun má bàa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn láìmọ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ojú tì mí púpọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sì rí ìbéèrè tí mo fi ń wọn gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ní kí n dáwó fún: ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ yìí, ṣé ó lè sọ pé rárá, kí rárá rẹ̀ sì múlẹ̀?

Nítorí mo ti rí òdìkejì rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà mélòó kan dáwó jọ, a ra bisikíìtì àti ìwé, a lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n to àwọn ọmọ sí ìlà, wọ́n kọrin kí wa, a ya fọ́tò. Bí a ṣe ń jáde ni àwọn àlejò mìíràn ń wọlé, mo sì gbọ́ tí orin kan náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oorun ń kun ọmọ kékeré kan tó wà níwájú, wọ́n fi ọwọ́ gún un lágbọ̀n kí ó lè máa kọ ọ́ lọ. Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tó lè sọ pé ó ti rẹ òun. Owó wa ló ń san fún orin yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, àwọn ará wa ní London àti Houston, àti àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Bengaluru, máa ń bi mí pé, "Àǹtí, èwo ni ká tì lẹ́yìn nínú wọn?" Mo fẹ́ fi wọ́n síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbí, kí kálukú lè mú èyí tó bá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu.

SWaCH àti SEWA: wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

SWaCH ni ẹgbẹ́ tí tai wa wà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1993, nígbà tí àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí ní Pune dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Kagad Kach Patra Kashtakari Panchayat. Bébà, ìgò àti páànù ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣà ni wọ́n fi sọ ara wọn lórúkọ. Obìnrin Dalit ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àwọn tí ètò ẹ̀yà ìdílé ní Íńdíà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé, tí wọ́n ní kò yẹ kí ẹlòmíràn fara kàn. Ní 2008, SWaCH di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn ni, ó sì bá ìjọba ìlú Pune tọwọ́ bọ̀wé. Ilé kọ̀ọ̀kan ń san owó díẹ̀ lóṣooṣù, ọwọ́ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí náà sì ni owó ọ̀hún ń bọ́ sí. Ike, bébà àti irin tó bá ṣà jọ, tirẹ̀ ni, òun ni yóò tà á. Kò sí agbaṣẹ́ṣe kankan láàárín tó ń bù jẹ.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí tai lè gbé ọ̀rá mi padà fún mi nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe ló gbà á síṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni ì bá máa bẹ̀ mí, tàbí kí ó fi ọwọ́ lásán tú u.

Ibi tí ẹsẹ̀ SWaCH ti ń mì ni àdéhùn yẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àdéhùn parí, tí ìjọba ìlú ń fi ìsọdọ̀tun rẹ̀ falẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ní ọkọ̀ akódọ̀tí sì ń na ọrùn wò ó. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí onílé bá kọ sí ìjọba ìlú pé tai tiwa la fẹ́ wúlò ju owó ọrẹ lọ.

SEWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń dá ṣiṣẹ́ tara wọn, dàgbà jù ú lọ ní ogún ọdún ó lé. Ní Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ni Ela Bhatt, agbẹjọ́rò tó ń bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ahunṣọ ṣiṣẹ́, ti rí i pé àwọn obìnrin kan wà tí òfin òṣìṣẹ́ kò kà kún: àwọn alábàárù, àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Manek Chowk, àwọn tó ń ránṣọ nílé, àwọn tó ń wé sìgá bídì. Nígbà tí wọ́n lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbà, wọ́n ní àwọn obìnrin náà kò ní ọ̀gá, ta ni wọ́n fẹ́ bá ṣe àdéhùn? Ìdáhùn wọn ni pé ẹgbẹ́ kì í ṣe fún ìjà pẹ̀lú ọ̀gá nìkan, ó wà kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè wà ní ìṣọ̀kan. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n tó rí orúkọ náà fi sílẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, 4,000 obìnrin dá rúpíì mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n fi dá báńkì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, àwọn tó sì máa tọwọ́ bọ̀wé fún ìforúkọsílẹ̀ báńkì náà fi òru kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni. Fọ́tò ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé báńkì oníkálukú, kí ojú lè ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣe. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí yóò mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Alájọ lè kó owó sá lọ ní ìparí oṣù. Nínú báńkì yìí, obìnrin tó ń fi owó pamọ́ náà ló ni ín, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yan àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ela Bhatt kú ní oṣù Bélú ọdún 2022. Elaben ni wọ́n pè é títí dé òpin. Arábìnrin ni "ben" ní èdè Gujarati, bí wọ́n sì ṣe ń pe ara wọn nìyẹn, àti alábàárù àti agbẹjọ́rò.

Nítorí náà, báwo lẹ ṣe máa yàn láàárín méjèèjì? SWaCH jẹ́ ti ìlú kan àti iṣẹ́ kan, ojú yín lè tó o. Bí ẹ bá ń gbé Pune, ẹ ya ìdọ̀tí yín sọ́tọ̀, ẹ san owó oṣù lásìkò, ìrànlọ́wọ́ tó ga jù lọ ti parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ SEWA ti lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n sì ti kọjá Gujarat, bí ẹ̀kán omi sínú odò ni ọrẹ yín yóò rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjà tí ẹ lè rà: Hansiba ni orúkọ tí wọ́n fi ń ta iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin wọn. Ẹni tó bá sì ń ronú ohun tó lè bá àwọn ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà tàbí Mile 12 ṣe, SEWA ni kí ó lọ kọ́, kì í ṣe SWaCH.

Goonj àti Akshaya Patra: aṣọ àti oúnjẹ

Àwọn méjèèjì yìí ń kó nǹkan fún èèyàn ni. Níbí ni ìbéèrè mi ti ń le.

Delhi ni Goonj wà. Anshu Gupta ló dá a sílẹ̀ ní 1999, nǹkan 67 tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kó jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ohun kan nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó bá ọkùnrin kan pàdé tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi kẹ̀kẹ́ gbé òkú tí kò ní ẹbí kúrò ní ìgboro. Bí ọyẹ́ bá dé, iṣẹ́ a pọ̀ débi pé agbára rẹ̀ kò ní ká a. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sọ fún Gupta pé bí òtútù bá ń mú òun, òun a dì mọ́ òkú sùn, òkú kì í yíra padà, kì í yọ òun lẹ́nu. Àìní aṣọ ló ń pa àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ní olú ìlú.

Ohun tó jẹ́ kí Goonj yàtọ̀ sí àwọn tó ń pín òkìrìkà ni pé wọn kì í pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará abúlé ni yóò jókòó yan ìṣòro tiwọn, bóyá kànga tó di, bóyá ọ̀nà tí òjò gé, bóyá afárá ọparun. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ náà, aṣọ àti ohun èlò ilé yóò sì jẹ́ èrè iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún ń fi aṣọ òwú àtijọ́ rán páàdì nǹkan oṣù fún àwọn obìnrin tó jẹ́ pé eérú tàbí àkísà ni wọ́n ń lò. Àbùkù kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ìlú ni wọ́n ti ń kó ẹrù, abúlé ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá Delhi ló wà lọ́kàn yín, ọrẹ yín lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì kó ohun tó ti ya lọ fún wọn. Ohun tí ẹ ò lè fún àbúrò yín wọ̀, ẹ má fi ránṣẹ́.

Bengaluru ni Akshaya Patra ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, pẹ̀lú ọmọ 1,500 ní ilé ìwé márùn-ún. Lónìí, ó ń bọ́ ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, láti inú ilé ìdáná ńláńlá tí ìkòkò ìrẹsì wọn ga ju ènìyàn lọ. Ẹ rántí pé ìjọba wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa jẹ oúnjẹ gbígbóná. Ìjọba ń fún wọn ní ọkà àti owó, ọrẹ ń dí ibi tó kù. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí owó òun di ohun tí a lè kà, abọ́ lórí abọ́, kò ní ṣìnà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Krishna kan ni orísun rẹ̀, wọn kì í sì í fi àlùbọ́sà àti áyù sí ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fún ọmọ ní ẹyin. Ní Karnataka, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ lórí oúnjẹ pariwo pé àwọn ọmọ òtòṣì, tí ilé wọn ń fi àlùbọ́sà sebẹ̀, kì í gbádùn rẹ̀, àti pé ẹyin ni ọmọ tí oúnjẹ kò tó nílò jù. Ilé ìwádìí oúnjẹ ìjọba ní àṣìṣe kò sí nínú oúnjẹ náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè mi kò yí padà: ọmọ ọdún méje tó ń fẹ́ ẹyin, ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Èmi á fi Goonj ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ṣe kókó ju aṣọ lọ.

Aravind: ọrẹ tí kò nílò ọrẹ yín

Ìlú Madurai ní Tamil Nadu ni ọ̀rọ̀ mi kàn báyìí. Dókítà Govindappa Venkataswamy fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ìjọba ní ẹni ọdún 58, àrùn oríkèé ti ká ìka rẹ̀ kò, ó sì dá Aravind, ilé ìwòsàn ojú oníbùsùn 11, sílẹ̀ ní 1976. Lẹ́ńsì inú ojú tó di funfun (cataract) ló ń fọ́ ojú àwọn tálákà jù, iṣẹ́ abẹ kékeré sì lè yọ ọ́. Àwọn tó lágbára ń sanwó, owó wọn ń gbé ti àwọn tí kò ní. Dókítà kan náà ló ń ṣe fún méjèèjì. Ìyàtọ̀ wà nínú yàrá: olówó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni ọ̀fẹ́ sùn sórí ẹní. Ní 1992 wọ́n dá Aurolab sílẹ̀ láti máa ṣe gíláàsì kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú, nítorí èyí tí wọ́n ń rà láti òkè òkun wọ́n ju ohun tí ilé ìwòsàn tálákà lè rà. Iye rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, kì í ṣe ní Íńdíà nìkan.

Mo fi Aravind sí àárín níbí nítorí pé òwò ni, ó sì jẹ́ àánú. Aláìsàn tó ń sanwó lè lọ síbòmíràn bí wọ́n bá ṣe é níṣekúṣe, ìyẹn ló ń mú kí iṣẹ́ dára fún ẹni tó sùn sórí ẹní pẹ̀lú. Rárá tí olówó lè sọ ni òtòṣì ń fi sá sí abẹ́ ibòji. Bó bá jẹ́ ọrẹ kékeré lẹ ní, ẹ gbé e síbòmíràn. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ojú ni yín, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Pratham, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, kò ní gbà mí ní àkókò. Ní àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Mumbai ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé èèyàn àti ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Wọ́n máa ń fi bébà kan ṣoṣo dán ọmọ wò: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn. Ibi tí ọmọ bá dé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọn kì í wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ti dé Nàìjíríà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni Pratham ní ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba ọrẹ. Olùkọ́ tó bá ń ka ìwé yìí lè fi bébà bẹ́ẹ̀ dán kíláàsì rẹ̀ wò lọ́la láìná kọ́bọ̀ kan.

Mahila Milan, àti ìdí tó fi kan Èkó

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà gbà pé ẹ̀tọ́ àtijẹ wà nínú ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, síbẹ̀ ó gbà kí ìjọba Mumbai wó àgọ́ àwọn tó ń gbé etí títì. Àwọn obìnrin etí títì ní Byculla, àdúgbò kan ní Mumbai, pẹ̀lú ẹgbẹ́ SPARC tó ti wà láti 1984, kò dúró de kátapílà. Wọ́n ka ara wọn, ilé dé ilé, àgọ́ dé àgọ́, kí ìjọba má bàa lè sọ pé àlejò tó ń ré kọjá ni wọ́n. Ní 1986 wọ́n dá Mahila Milan sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ ojoojúmọ́. Obìnrin kan ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gba rúpíì kan, rúpíì méjì, gẹ́lẹ́ bí alájọ wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ irú ilé tí wọ́n fẹ́, wọ́n ta sárì sórí igi, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ara wọn. Wọ́n ní kí àjà ga kí ọmọ lè rí ibi sùn lókè. Àwọn ayàwòrán ilé ló gbọ́ tiwọn.

Jockin Arputham, olùgbé àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Mumbai tó kú ní 2018, ni ó darapọ̀ mọ́ wọn tí ọ̀nà náà fi di ti àgbáyé, lábẹ́ orúkọ Slum Dwellers International láti 1996. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, àwọn tó dúró ti ará Otodo Gbame nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò létí omi ní Èkó ní 2016 àti 2017. Bí owó yín bá lè lọ sí ibì kan ṣoṣo, tí ẹ sì ń gbé Èkó, kò pọn dandan kó kọjá omi: Èkó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ yẹn.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ará wa ń ṣe àṣìṣe. Òfin kan wà ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní FCRA, ti ọdún 2010, tí wọ́n tún mú le ní 2020. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Kò sì yọ ẹ̀yin tó ń gbé níbẹ̀ sílẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Pune bá yọ rúpíì nínú àpò fún ẹgbẹ́ kan, owó òkè òkun ni òfin kà á sí. Owó tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gba inú àkáǹtì ní ẹ̀ka State Bank of India kan ṣoṣo ní New Delhi. Láti 2020, ẹgbẹ́ ńlá kò tún gbọ́dọ̀ pín irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kékeré. Ìyẹn ni pé àwọn tó kéré jù, tó sún mọ́ ìdí ìṣòro jù, ni ọ̀nà náà dí mọ́ jù.

Ọjà rírà kò sí lábẹ́ ìdíwọ́ yìí. Owó tí ẹ san fún aṣọ tí obìnrin kan rán, tàbí fún iṣẹ́ tó ṣe fún yín, kì í ṣe ọrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n rà kí wọ́n tó dá. Ẹ bèèrè nọ́ḿbà FCRA, ẹ gba rìsíìtì. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹ san án sí àkáǹtì ọ̀rẹ́ òun, ẹ kúrò níbẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní London tàbí Houston, èmi á mú Pratham nítorí ẹ̀ka tó wà nítòsí yín, àti Goonj bí ìwé rẹ̀ bá pé lọ́jọ́ tí ẹ bèèrè. Fún ẹni tó ń gbé Ahmedabad, Hansiba. Fún ẹni tó ń gbé Pune, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí ẹgbẹ́ mìíràn tí mi ò dárúkọ bá sì kàn yín, ẹ fi ìbéèrè kan pe wọ́n lórí fóònù: ìgbà wo ni àwọn èèyàn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ kọ ohun tí ẹ gbé wá gbẹ̀yìn, kí ni ẹ sì yí padà nítorí rẹ̀? Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n ronú. Mo ti bi ẹgbẹ́ mẹ́ta báyìí rí. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò kọ nǹkan rí. Ọ̀kan ní òun yóò padà pè mí, kò pè. Ìkẹta sọ fún mi pé àwọn ìyá ní kílásì ìrọ̀lẹ́ kò bá àkókò wọn mu, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni omi ẹ̀rọ ń dé àdúgbò wọn, àwọn sì ti gbé e sí òwúrọ̀. Ìkẹta ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀.